Kọ̀ǹpútà ilé wa ti ń wọ́ bí ìgbín: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wé Ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé wa ni mo gbé wá. Láptọ́ọ̀pù ni, ó ti pé ọdún 7 lọ́wọ́ wa, Windows 10 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, kí èèyàn tó fa àga jókòó, ó ti ṣí. Lánàá mo fi aago wò ó: ìṣẹ́jú 9 gbáko ló kọjá láti ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnì rẹ̀ títí mo fi rí lẹ́tà tí mo fẹ́ kà. Bí mo bá ń tẹ̀wé lórí rẹ̀, ọwọ́ mi á ti parí gbólóhùn kan kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yọjú. Àwọn ọmọ ń fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, èmi náà ń fi ṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́, kò sì sí èkejì rẹ̀ nínú ilé.

Ẹnì kan ní kí n lọ gba ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa ń fọ kọ̀ǹpútà mọ́. Ẹlòmíràn ní kí n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù, kí n tún Windows fi sí i lákọ̀tun. Fọ́tò ọdún 7 ló wà nínú rẹ̀, àyà mi ń já. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Atúnṣe

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì gba nǹkan kan, ẹ má sì tíì nu nǹkan kan. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀, ohun tó sì ń dùn mí jù ni kí n rí ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan pa fáìlì rẹ́ nígbà tó jẹ́ pé rámù ló kéré, tàbí ẹni tó ti ná owó lórí rámù nígbà tó jẹ́ pé fáànù ló dí. Ẹni tí orí ń fọ́ kì í lo oògùn inú rírun. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Ẹ tan kọ̀ǹpútà náà, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 10 kó lè fara balẹ̀, kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager ni yóò ṣí. Bó bá jẹ́ orúkọ ètò mélòó kan péré ni ẹ rí, ẹ tẹ More details nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó wá rí òpó CPU, Memory, Disk àti Network. Iye tó wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò, pàápàá ní àsìkò tí kọ̀ǹpútà náà bá ń lọ́ra gan-an.

CPU ni ọpọlọ rẹ̀, òun ló ń ṣírò. Memory, tí gbogbo wa mọ̀ sí rámù, ni tábìlì tó ń tẹ́ iṣẹ́ lé: bí tábìlì bá kún, àfi kó gbé nǹkan kan sọ̀kalẹ̀ kó tó lè gbé òmíràn lé e. Disk ni àpótí tí ẹrù wà, ibẹ̀ ló ti ń kó wọn wá sórí tábìlì. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá ga kọjá 90% tí kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni ìrora wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bọ́ sí Performance. Ẹ tẹ Memory, ẹ kọ iye GB rẹ̀ sílẹ̀ àti ohun tó wà níwájú Slots used, ìyẹn iye ihò rámù tó ti ní nǹkan nínú. Ẹ tẹ Disk, ẹ wò ó bóyá HDD ló kọ síbẹ̀ àbí SSD, irú dísìkì méjì ni wọ́n. Ẹ tẹ CPU, ẹ wo Up time, ìyẹn iye àkókò tó ti wà láìkú tán. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá síbí.

Ìyá Ìbejì

Kí wọ́n tó dé, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un nítorí Up time tí Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe mẹ́nu bà. Alaalẹ́ ni mò ń pa kọ̀ǹpútà mi, mo sì gbà pé ó ń sùn dáadáa. Ìgbà tí mo wo Up time, ọjọ́ 23 ló kọ síbẹ̀! Láti ayé Windows 8 ni nǹkan kan tó ń jẹ́ Fast Startup ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ Shut down, kì í kú tán. Ó máa ń tọ́jú ìdí Windows bó ṣe wà lọ́jọ́ náà sínú dísìkì, kó lè yára jí lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ìdíjú tó bá ti kó jọ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun náà ló tún gbé jí. Restart ló ń pa gbogbo rẹ̀ pátápátá tó sì ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Up time yín ná, kí ẹ wá tẹ Restart, kí ẹ sì ka àwọn iye yòókù lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń ṣe tèmi báyìí.

Alátẹ̀wé

Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mò ń ṣe jẹun, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ iye ìṣẹ́jú tí kọ̀ǹpútà ń jẹ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ láàárọ̀. Inú Task Manager yẹn kan náà, ẹ̀ka kan wà tó ń jẹ́ Startup. Startup apps ni wọ́n pè é nínú Windows 11. Gbogbo ètò tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ló tò síbẹ̀, wọ́n sì kọ bí ẹrù ìkọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó sí iwájú rẹ̀: Low, Medium, High.

Mo ka tèmi lọ́jọ́ kan, 17 ni. Ètò ìpàdé orí fídíò tí mo lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Ètò orin wà níbẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo ti gbé fún ẹlòmíràn láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà ṣì ń jí láràárọ̀ láti wá ẹ̀rọ tí kò sí. Gbogbo wọn ló ń du ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yan Disable, ó ku 4. Disable kì í pa ètò rẹ́ o. Bí mo bá fẹ́ orin, mo ń ṣí i fúnra mi, ó sì ń kọrin. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan èyí tó bá jẹ mọ́ ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì, tàbí ohùn, tàbí pátákó tí ìka fi ń darí atọ́ka lórí láptọ́ọ̀pù. Èyí tí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ yan Search online lórí rẹ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ béèrè nípa ètò tí wọ́n ní kí wọ́n gbà yẹn. Mo dán ọ̀kan wò lórí tèmi, ó ní òun rí àṣìṣe 1,400 nínú registry, pé òun lè tún un ṣe bí mo bá sanwó. Ṣé kò lè mú kọ̀ǹpútà wọn yá lóòótọ́ ni?

Atúnṣe

Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè kí o tó sanwó. Registry ni ìwé ńlá tí Windows ń kọ ìlànà tirẹ̀ àti ti gbogbo ètò sí. Ìlà tí kò níṣẹ́ mọ́ nínú rẹ̀ kì í di Windows lọ́wọ́, nítorí ìlà tó bá nílò nìkan ló ń lọ kà. Ẹ yọ 1,400 nínú rẹ̀, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bí ètò yẹn bá ṣèèṣì yọ ọ̀kan tó níṣẹ́, nǹkan kan lè má ṣí mọ́, ó tiẹ̀ lè jẹ́ Windows fúnra rẹ̀ ni. Microsoft ti sọ ọ́ síta pé àwọn kò fọwọ́ sí lílo irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan gbé kọ̀ǹpútà wá fún mi tí ètò amúkọ̀ǹpútàyá 3 wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì 2. Gbogbo fáìlì tó bá fẹ́ ṣí, àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ dá a dúró, ìkíní yẹ̀ ẹ́ wò, ìkejì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yọ àwọn 3 yẹn kúrò, mo yọ àwọn 2 náà, mo fi Defender tó bá Windows wá nìkan sílẹ̀. N kò ṣe nǹkan mìíràn sí i lọ́jọ́ náà, ó sì yá.

Ìmọ́tótó tó wúlò ti wà nínú Windows, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ sí Settings, System, Storage, kí ẹ tẹ Temporary files. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó máàkì í. Fódà Downloads wà lára àwọn tó ń tò síbẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó tipa bẹ́ẹ̀ pa ìwé ẹ̀rí tó gbà sílẹ̀ rẹ́. Èmi máa ń fẹ́ kí ìdá kan nínú márùn-ún dísìkì ṣófo nígbà gbogbo. Dísìkì tó bá kún dé ẹnu kò ní ibi tí yóò gbé ẹrù kà nígbà tí tábìlì rámù bá kún.

Akọ̀wé Ilé

Mo ti dé o. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Up time: ọjọ́ 31. Mo ṣe Restart bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Mo pa ètò 9 nínú Startup. Ìṣẹ́jú 9 ti di 7. Ìgbà tí mo wá wo àwọn òpó yẹn, ohun tí mo rí nìyí: CPU 11%, Memory 86%, Disk 100%. Disk náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sọ̀kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 tí mo fi jókòó tì í, bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣí nǹkan kan. Rámù jẹ́ 4 GB, Slots used 1 of 2. HDD ló kọ síwájú Disk. Nísàlẹ̀ rẹ̀ mo rí Average response time, iye rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ láàárín 600 àti 2,000 ms (1,000 ms ni ìṣẹ́jú-àáyá kan).

Atúnṣe

Ó ti sọ fún wa báyìí. Ọpọlọ rẹ̀ kò ṣe ohunkóhun, 11% ni. Ó jókòó, ó ń retí ẹrù. Àpótí ni kò lè kó ẹrù wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó bá yé yóò mọ ìdí tí mo fi ń sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Inú HDD, àwo pẹlẹbẹ kan wà tó ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ìgbà 5,400 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ín-rín kan wà lórí rẹ̀ tó ń lọ síwá sẹ́yìn láti wá ibi tí ohun tí ẹ béèrè wà. Bó bá débẹ̀, yóò dúró kí àwo yí ohun náà dé abẹ́ rẹ̀ kó tó kà á. Wíwá kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ń gbà tó 10 sí 20 ms, èyí já sí pé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nǹkan bí ohun 50 sí 100 ló lè wá bí wọ́n bá fọ́n ká. Windows tó ń jí ń béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké. Gbogbo wọn ló wà lórí ìlà, wọ́n ń dúró de apá kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí yín fi ń pẹ́ tó 2,000 ms kó tó dáhùn.

SSD kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún ohun kéékèèké ló lè mú jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí a lè ṣe sí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní HDD tí ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn tó ìyẹn. Rámù 4 GB náà sì ń dá kún un: bó bá ti kún, Windows á máa gbé ohun tó wà lórí tábìlì lọ pamọ́ sórí dísìkì, á tún máa lọ kó o padà. Dísìkì tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń ru ẹrù ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra ohunkóhun. 100% láìṣe nǹkan kan fún 20 ìṣẹ́jú, mo fẹ́ mọ̀ bóyá dísìkì náà ń ṣàìsàn. Ẹ gba CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó kọ sókè fún wa: Good, Caution tàbí Bad. Ṣé ẹ gbọ́ ìró kankan láti inú rẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Ọ́fíìsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ níbi ìró yìí. Tèmi bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń fi èékánná kan pákó: kọ́, kọ́, kọ́, yóò dákẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á dì fún ìṣẹ́jú kan, á tún tú. Mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ fún ọjọ́ 11 lẹ́yìn ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejìlá, kò mọ dísìkì mọ́. Ohùn bàbá mi wà níbẹ̀, tí mo gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ìtàn ìdílé wa fún mi, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Kò sí níbòmíràn. Mo gbé dísìkì náà káàkiri, wọn kò rí i yọ.

Bí ẹ bá gbọ́ kọ́ yẹn, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ mú un yá. Ẹ kó ohun tí ẹ kò lè rí rà jáde ná: fọ́tò, ohùn, ìwé. Ẹ kó o sí ibi méjì, ọ̀kan lórí dísìkì ìta, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn níbi tí ẹ kó wọn sí, kí ẹ fi ojú yín rí i pé wọ́n ṣí.

Olùkọ́ Àgbà

Ẹ kú ìrora náà, Òṣìṣẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Mo fẹ́ sọ pé kí Akọ̀wé Ilé ṣe defragment sí dísìkì náà, ìyẹn kíkó ẹ̀yà fáìlì tó fọ́n ká jọ, torí nígbà tí a ń lo kọ̀ǹpútà ní 1998, 2000, òun la fi ń mú wọn yá. Àbí ó ti kọjá lọ?

Atúnṣe

Ẹ̀yin Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà fún ìgbà náà. Windows ti ń ṣe é fúnra rẹ̀ báyìí, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni, lábẹ́ orúkọ Optimize Drives. Bó bá bá HDD pàdé, á kó ẹ̀yà fáìlì tó fọ́n ká jọ. Bó bá bá SSD pàdé, iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ TRIM ni yóò ṣe, ó ń sọ fún SSD nípa ibi tó ti ṣófo. SSD kò nílò kí a kó ẹ̀yà fáìlì rẹ̀ jọ, ọ̀nà gbogbo ló jìnnà bákan náà fún un, àti pé kíkọ sí i léraléra ń jẹ ẹ́ lára. Ní ti dísìkì tí a fura sí pé ó ń ṣàìsàn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é rárá. Gbogbo fáìlì ni yóò gbé kiri, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ ni yóò dákẹ́ sí.

Akọ̀wé Ilé

Caution ni. Aláwọ̀ ìyeyè. Ìlà tó fà á ni Reallocated Sectors Count. N kò gbọ́ ìró kọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ kò jẹ́ kí n sùn. Mo pa gbogbo nǹkan yòókù, mo ń kó fọ́tò jáde láti agogo 9 alẹ́, ó di agogo 5 ìdájí kó tó parí. Fọ́tò 3 kò ṣeé kà. Àwọn yòókù wà. Mo ṣí ọgọ́ta nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà aládùúgbò wa, wọ́n mọ́ gaara. Ẹ ṣeun, Òṣìṣẹ́.

Atúnṣe

A dúpẹ́. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé àwọn ibì kan lórí àwo náà ti bàjẹ́, dísìkì sì ti ń gbé ohun tó wà níbẹ̀ lọ sí ibi ìpamọ́ tí wọ́n dá sí fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá dé ibi tó bàjẹ́, á gbìyànjú láti kà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá, gbogbo kọ̀ǹpútà á sì dúró dè é.

Nípa SSD tí ẹ máa rà. Ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nídìí láptọ́ọ̀pù wá ìwé ìtọ́ni rẹ̀ lórí ìkànnì ẹni tó ṣe é. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ irú èyí tó gbà. Bó bá jẹ́ HDD ínṣì 2.5 ló wà nínú rẹ̀, SSD SATA ínṣì 2.5 yóò bọ́ sójú àyè kan náà. SATA ni orúkọ ojú ọ̀nà tí dísìkì fi ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ojú ọ̀nà SATA kò gbà ju nǹkan bí 550 MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì tó gẹ́lẹ́ fún iṣẹ́ ilé. Bí ó bá ní ihò M.2, tí SSD tó rí bí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ń wọ̀, ẹ ṣọ́ra, nítorí M.2 kan wà tó jẹ́ SATA, òmíràn jẹ́ NVMe, tó jẹ́ ojú ọ̀nà mìíràn, ìrísí wọn jọra, kì í ṣe gbogbo ihò ló gba méjèèjì. NVMe yára ju SATA lọ ní ìlọ́po, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti HDD bọ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn nígbà tó bá ń ṣí lẹ́tà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn kó yín láyà sókè.

Rámù: ẹ ní ihò kan tó ṣófo, ẹ fi 4 GB mìíràn sí i kó di 8. Rámù ìran DDR3 kò lè wọ ihò ìran DDR4, ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀, nítorí náà ẹ má fi agbára tì í. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ okùn bátìrì kúrò lójú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan irin ná kí iná ara yín lè kúrò. Àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ kì í gùn bákan náà, torí náà èmi máa ń ya àwòrán ìdí láptọ́ọ̀pù sórí bébà, mo sì ń gún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú ibi tó ti jáde. Nọ́ọ̀tì gígùn tí a fi sí ihò kúkúrú lè gún bọ́ọ̀dù inú rẹ̀.

Èèyàn lè da gbogbo inú dísìkì àtijọ́ kọ sórí tuntun bó ṣe wà, Clonezilla ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Fún dísìkì tó ń ṣàìsàn, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ó kó fáìlì Windows tó ti bàjẹ́ lọ sílé tuntun. Ẹ fi Windows sí i lákọ̀tun. Ẹ gba Media Creation Tool, tó ń kó Windows sórí fíláàṣì, lórí ìkànnì Microsoft, ẹ fi fíláàṣì tó tó 8 GB ṣe é. Bí Windows yín bá ti ní àṣẹ tẹ́lẹ̀, àṣẹ náà máa ń so mọ́ bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà, yóò sì dá ara rẹ̀ mọ̀ bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ rántí pé ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025 ni àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ gbogbogbòò tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 parí. Ẹ fi PC Health Check wò ó bóyá láptọ́ọ̀pù yín lè gba Windows 11, tó ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà), rámù 4 GB ó kéré tán àti àyè 64 GB. Bí kò bá gbà á, Linux Mint wà, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò Windows. Rámù 2 GB ló kéré jù fún un, 4 GB ni wọ́n ní kó ní kó lè rọrùn, àwọn ọmọ yóò sì mọ̀ ọ́n lò láàárín ọjọ́ méjì.

Ìyá Ìbejì

Fún àwọn mìíràn tó ń kà á, tí Disk tiwọn kò ga: tèmi kì í ṣe dísìkì o. Tèmi máa ń yá fún ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀ á gbóná, fáànù á máa hu, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo ń lò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ń dí ihò tó fi ń mí. Ìgbà tí wọ́n tú u, wọ́n fi irinṣẹ́ fa nǹkan kan jáde láàárín fáànù àti irin tí ooru ń gbà jáde. Ó pẹlẹbẹ, ó rí eérú, ó ki bí òwú tí a tẹ̀ pọ̀, ó bo ojú irin náà látòkè délẹ̀. Kò sí atẹ́gùn kankan tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ CPU Intel ní òdiwọ̀n tó wà ní nǹkan bí 100°C. Bó bá ti ń súnmọ́ ọn, ó ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Mo ti ń bá Windows jà fún oṣù mélòó kan, kọ̀ǹpútà ń gbìyànjú láti dáàbò bo ẹ̀mí ara rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fi atẹ́gùn inú agolo fẹ́ ẹ, ẹ fi nǹkan tín-ín-rín di abẹ́ fáànù mú kó má yí. Bó bá ń yí kọjá agbára rẹ̀, ó lè bàjẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́

Mo yọ ètò yẹn kúrò, n kò sanwó. Mo tún rí nǹkan kan lórí tèmi: Memory ló ga, 94%. Nínú Chrome, mo tẹ Shift àti Esc, Task Manager tirẹ̀ jáde, ó tò gbogbo táàbù àti àfikún (ètò kékeré tí a so mọ́ Chrome) sílẹ̀ pẹ̀lú iye tí ìkọ̀ọ̀kan ń jẹ. Táàbù 46 ni mo ṣí. Àfikún kan tó ń wá ẹ̀dínwó ọjà, tí n kò rántí pé mo fi sí i, ń jẹ ju fídíò lọ. Mo yọ ọ́. Mo tan Memory Saver nínú Settings rẹ̀, ó ń mú kí táàbù tí n kò lò sùn. Edge náà ní irú rẹ̀. 94% ti di 61%.

Alátẹ̀wé

Ó dáa, Akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń pẹ́ ṣí, tí lẹ́tà àti fọ́tò inú kọ̀ǹpútà ń ṣí wéré, kó lọ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò.

Akọ̀wé Ilé

Ó di ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ti ń bọ̀, ẹ má bínú. Láptọ́ọ̀pù mi gba Windows 11. SSD SATA ínṣì 2.5 ni mo fi sí i, rámù sì ti di 8 GB. Àkọ́bí mi ló mú bébà nọ́ọ̀tì dání, bí mo ṣe ń yọ ọ́ ló ń gún un mọ́ ọn, kò ṣẹ́kù kankan sílẹ̀. Rámù kò kọ́kọ́ wọlé dáadáa, kọ̀ǹpútà kò tan, ọkàn mi pòrúùrù. Mo yọ ọ́, mo tún un tì títí mo fi gbọ́ ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó tan.

Láti ìgbà tí mo bá tẹ bọ́tìnì títí tí lẹ́tà fi ṣí: ìṣẹ́jú-àáyá 24. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá ń tẹ̀wé, ọ̀rọ̀ ń jáde bí ìka mi ṣe ń kan an. Àwọn ọmọ ti jókòó síwájú rẹ̀ báyìí, mo ní láti gba ààyè kí n tó lè kọ èyí.

Dísìkì àtijọ́ ńkọ́? Ṣé mo lè máa fi pa fọ́tò mọ́?

Atúnṣe

Rárá o. Ẹ má fi ohunkóhun tí ẹ nífẹ̀ẹ́ sí sórí rẹ̀ mọ́. Ẹ lẹ bébà mọ́ ọn lára, ẹ kọ ọjọ́ òní àti “Caution” sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá wá rántí fáìlì kan tí ẹ kò kó jáde, a lè gbìyànjú lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àti fọ́tò 3 yẹn náà. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn síbí kí n sọ bí a ṣe máa ṣe é.